Abọ́ Tí Kò Yẹ Kó Tàn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Abọ́ Bọ̀ọ̀dá tàn lónìí. Kò yẹ kó tàn.

Jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́, orí mi ń yí. Abọ́ méjì ni mò ń tọ́jú ní yàrá ìwádìí. Ọ̀kan jẹ́ ti Tíṣà, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí àìsàn Pákínsìnì sọ ọwọ́ rẹ̀ di ohun tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ìkejì jẹ́ ti bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, onígbàjámọ̀, èèyàn aláàfíà. A gé awọ bíńtín ní apá wọn, a tọ́jú rẹ̀, a tàn án títí tó fi gbà pé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lòun. Purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó yẹ kó máa rìn káàkiri wẹ́rẹ́. Níbi tí àìsàn bá wà, á ká sódì, á lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ṣù pọ̀ di kókó, sẹ́ẹ̀lì náà ò sì ní rí i gbá dànù mọ́. A ń da aró kan sí i: ibi tó bá ti di kókó á tàn bí ewé tútù.

Ti Tíṣà tàn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ti bọ̀ọ̀dá tàn jù ú lọ.

Bóyá mo ṣèèṣì pààrọ̀ abọ́ ni. Ó ti rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

N kò pààrọ̀ abọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo lọ bá Ẹ-tún-un-ṣe. (Ọ̀gá wa nìyẹn. Bí ilé bá ń jó lórí rẹ̀, ohun tó máa sọ fún iná náà nìyẹn.) Ó wo àwòrán, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò. Ó ní ìdọ̀tí ló wọ inú abọ́ mi. Ó ní kí n tún un ṣe.

Ìdọ̀tí. Èmi tí mo máa ń fọwọ́ títí awọ á fi fẹ́ bó.

Ohun kan wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ta ló sọ fún wa pé ara bọ̀ọ̀dá le? A nílò aláìsàn, a nílò aláàfíà tí a ó fi wé e. Ta ló máa jókòó kí wọ́n gé awọ òun lásán? Nítorí náà, ará ilé la máa ń fà wá: ọkọ tèmi, àbúrò tìrẹ, awakọ̀ ọ̀gá. Bí ọwọ́ rẹ kò bá ti gbọ̀n, o di aláàfíà, ó parí. Bọ̀ọ̀dá mi tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, tí ọmọ ọwọ́ ń sùn lábẹ́ abẹ rẹ̀, ta lèmi ì bá tún lọ mú? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwa tí a kàwé, a kàn tọ́ka sí alángbá kan ni, a ní inú tìyẹn ò run.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá. Mo ní mo wá kí wọn ni. Irọ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, mo ń ṣọ́ wọn. Abẹ ń lọ, abẹ ń bọ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ òsì wọn kò fì tó ti ọ̀tún. Àbí aṣọ ìnura tí wọ́n há sí abíyá ni? Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ òórùn lọ́fínńdà mi. Wọ́n ní lọ́fínńdà wo, nínú gbogbo òórùn ọṣẹ àti ìpara irun yìí? Imú a máa kọ́kọ́ lọ nínú àìsàn yìí, kí ọwọ́ tó mọ̀. Àmọ́ èmi alára, nígbà tí mo gbóòórùn ọwọ́ ara mi níbẹ̀, ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́.

Kí ni mo rí? N kò mọ ohun tí mo rí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Mo tún un ṣe. Mo yọ ìgò tuntun jáde nínú fìríìsà, mo fi aró tuntun sí i, mo pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá mí. Ó tún tàn.

Mo jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin, mo sunkún díẹ̀. Mo padà wá bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn ń sunkún, ebi ń pa wọ́n ni.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Ẹ-tún-un-ṣe ti ní èrò tuntun. Ó ní bóyá sẹ́ẹ̀lì Tíṣà ló fò wọ abọ́ bọ̀ọ̀dá, tó pọ̀ sí i, tó gba ilé onílé. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà: kí a fi sẹ́ẹ̀lì náà wé itọ́ bọ̀ọ̀dá. Bí wọ́n bá bára mu, ti bọ̀ọ̀dá ni. Bí wọn ò bá bára mu, ìdọ̀tí ni lóòótọ́.

Mò ń gbàdúrà fún ìdọ̀tí. Ẹ wo ibi tí ayé bá mi dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Mo mú ìgò lọ bá bọ̀ọ̀dá. Mo ní itọ́ díẹ̀ ni mo fẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí bóyá awọ ti tán lọ́jà. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú. Wọ́n ní kí ni mo rí?

Òfin wa ni pé a kì í sọ ohun tí a bá rí fún ẹni tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn náà sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a gé awọ: ohunkóhun tí a bá bá níbẹ̀, kí a má wí fún àwọn o. Mo rán wọn létí. Wọ́n ní lóòótọ́, àwọn ní kí n má wí. Ṣùgbọ́n àwọn ò ní kí n máa wo àwọn bí ẹran tí mo fẹ́ rà.

Wọ́n tutọ́ sínú ìgò. Wọn ò bá mi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Ìyàwó bọ̀ọ̀dá pè mí. Ó ní ọkọ òun ti kó abẹ sínú dúrọ́ọ̀. Kílípà nìkan ni wọ́n ń lò. Bàbá kan tó ti ń fárí lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ wá, wọ́n ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, wọ́n á na ìka sórí tábìlì, wọ́n á máa wò ó. Ó ní kí ni mo sọ fún wọn?

Mo ní n kò sọ nǹkan kan.

Ó ní ṣé mo rí i báyìí, àìsọ náà gan-an ló fà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Bí mo bá sọ, mo ṣẹ̀. Bí n kò bá sọ, mo ṣẹ̀. Kí gan-an ni mo sì fẹ́ sọ?

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Èsì dé.

Kì í ṣe ti Tíṣà. Kì í ṣe ti bọ̀ọ̀dá. Sẹ́ẹ̀lì obìnrin ni. Ọmọ ìyá àti bàbá bọ̀ọ̀dá.

Mo kà á bí ẹni ń ka àlọ́ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àǹtí Onífìríìsà, ẹni tó ń tọ́jú gbogbo ìgò wa, ló fọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní ṣé èmi náà kọ́ ni mo na apá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a gé awọ bọ̀ọ̀dá?

Èmi ni. Bọ̀ọ̀dá tó ń fi abẹ jẹun, nígbà tí ó kan awọ tiwọn, òógùn bò wọ́n. Mo ní ẹ wò ó, kò ní dùn yín, mo ní kí àwọn tó ń gé awọ kọ́kọ́ gé tèmi. Ìgò méjì, orúkọ ìdílé wa nìkan la kọ sí wọn lára. Ọ̀kan kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo wa gbà pé èyí tó kù ni ti bọ̀ọ̀dá, torí tiwọn la nílò. Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ẹ-tún-un-ṣe ka èsì náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ pé kí n tún un ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Bọ̀ọ̀dá bọ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ẹni tí kò bọ́.

Ọ̀gá ní abọ́ kì í ṣe èèyàn. Ó ní ohun tó ṣù nínú abọ́ lè má ṣù láé nínú orí. Òótọ́ ni. Èmi náà ló ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Ìsinsìnyí ni mo mọ̀ pé ohùn náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo na ọwọ́ jáde. Kò gbọ̀n. Mo tún nà án. Ó gbọ̀n díẹ̀, torí mò ń wò ó. Mo gbóòórùn ọṣẹ, kọfí, inú bàtà mi. Mò ń gbọ́ òórùn wọn. Àbí mo kàn mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n rùn ni?

Inú tún bí mi sí bọ̀ọ̀dá. N kò mọ ìdí. Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

Mo lọ. Ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Wọ́n jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, wọ́n ń wo ara wọn nínú dígí.

Mo ní bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe yín. Ọwọ́ yín pé. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n wá la ojú, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n bi mí pé ta ni, nígbà náà?

Wọ́n ti mọ̀.

Wọ́n ní ṣé mo máa kú ni. Mo ní gbogbo wa la máa kú. Wọ́n ní kí n má fi àwọn ṣeré. Mo wá sọ bó ṣe rí: ó lè dé, ó lè má dé, ó lè dúró di ìgbà tí mo bá darúgbó. N kò mọ̀. Èmi ni wọ́n ń sanwó fún pé kí n mọ̀, n kò sì mọ̀. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn mi ti hurun bí oko tí wọ́n fi sílẹ̀.

Wọ́n po ọṣẹ. Wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n mú abẹ jáde, wọ́n fi ọwọ́ kan di orí mi mú, wọ́n gbé e lé mi lọ́rùn. Ọwọ́ wọn dúró ṣinṣin.

Wọ́n ní kí n dúró jẹ́ẹ́, mò ń gbọ̀n. Mo ní ẹkún ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Wọn ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀.