Kókó Tó Kù Lẹ́sẹ̀ Yín

Bàbá mi,

Inú ń bí mi sí yín, mi ò sì ní fi bò. Wọ́n ní a kì í bínú sí òkú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, irọ́ kì í dùn lẹ́nu mi. A ṣe fídáù yín lánàá. Àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n ṣàdúà. Gbogbo wọn ló ń sọ pé kí ẹ má jọ̀kùn, kí ẹ má jekòló. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú yín kò tíì tán.

Ẹ rántí agolo bisikíìtì mi ńlá yẹn, èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí lára. Ibẹ̀ ni mo ń kó kókó mi sí. Tí àwọn oníbàárà bá gbé aṣọ wá sí Ìtòkú kí Ìyá wa bá wọn rẹ ẹ́ láró, kálukú a fi ìko ta kókó sí igun tiẹ̀, kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn nínú ìkòkò aró. Tí aṣọ bá gbẹ, wọ́n a gé kókó náà jù sílẹ̀, èmi a ṣà á. Kò sí ẹni tó ń ta kókó bíi ti ẹnìkejì. Ọwọ́ òsì ni Ìyá Ráṣì, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà, fi ń ta tiẹ̀, ó sì máa ń ká a lẹ́ẹ̀mejì. Tí ariwo ọjà bá ti fẹ́ fọ́ mi lórí, tí mo bá ki ọwọ́ bọ inú agolo yẹn, tí mo ń tú wọn tí mo tún ń ta wọ́n, ara mi a balẹ̀. Kò sí kókó tí ìka mi ò lè tú.

Ẹ pè é ní àìsàn. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Ààfáà, mo mu omi wàláà fún àárọ̀ méje, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Aago ọwọ́ mẹ́fà tó ti kú lẹ tò sórí àpótí yín, ẹ sì ń nù wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí ẹ tó lọ kírun, láti ti ọwọ́ ọ̀tún wá sí tòsì. Ta ló fún yín ní omi wàláà mu? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú.

Ọjọ́ tí Ìyá Ráṣì àti ìyàwó ilé kan láti Igbein ń fa ìdì aṣọ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èmi lẹ pè. Mo wo kókó igun rẹ̀, mo ní ti Ìyá Ráṣì ni, ìjà sì parí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbá mi léjìká, ẹ ń fi mí han àwọn èèyàn. Ṣé ìgbà tí mo bá wúlò fún yín nìkan ni orí mi ń pé?

Kò pé oṣù mẹ́ta sí i ni àwọn kan láti Òkè-Ìléwó fẹ́ wá tọrọ mi. Ẹ rán mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín obìnrin. Nígbà tí mo padà dé, agolo mi wà nílé ìdáná, gààrí ló kún inú rẹ̀. Ẹ ti da kókó ọdún méje sódò Ògùn. Nígbà tí àwọn ará Òkè-Ìléwó náà wá, wọn ò sì fẹ́ mi mọ́, nítorí igun aṣọ ìyá ọkọ ni mo ń wò, mi ò wo ojú rẹ̀. Ẹ ò dárúkọ agolo yẹn mọ́ títí ẹ fi kú. Ṣé ẹ tiẹ̀ kábàámọ̀?

Ọjọ́ tí a sin yín, Múfú àbúrò mi wà lára àwọn tó wọ inú sàréè lọ gbà yín. Nígbà tí wọ́n dé, mo bi í pé irú kókó wo ni wọ́n ta sí aṣọ funfun yín, ti orí, ti ìdí àti ti ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú nísàlẹ̀ kí wọ́n tó bo yín. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Alápò Aṣọ, tó jẹ́ pé òun ló dì yín, jágbe mọ́ mi lójú gbogbo ayé. Ó ní ojú mi gbẹ, mò ń sọ ìsọkúsọ. Òótọ́ ni, mi ò sunkún. Ìbéèrè yẹn ni ẹkún mi.

Lánàá, lẹ́yìn fídáù, Múfú wá bá mi pẹ̀lú ọ̀já funfun mẹ́ta tó gé lára ìyókù aṣọ náà. Ó ta wọ́n níwájú mi. Àwọn méjì àkọ́kọ́, èèyàn fà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tú. Ìkẹta, ti ẹsẹ̀, ó ta á tì. Mo ní kó tún un ta títí tó fi bọ́ sí i. Bí mo ṣe rí i ni mo mọ ọwọ́ tó ta á. Kókó àpò aṣọ ni. Ẹ̀gbọ́n yín ti fi ogójì ọdún di aṣọ ọjà, ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé pé èèyàn lòun ń dì. Múfú wá ń sunkún. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó fa ti ẹsẹ̀ yẹn nínú sàréè títí, kò tú, òjò ń ṣú, wọ́n ní kó máa gòkè bọ̀. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti da gààrí inú agolo mi sínú abọ́. Kókó ẹsẹ̀ tí Múfú ta nìkan ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi ìka kàn án, ó tú, mo sì tún un ta. Ẹsẹ̀ yín ṣì wà ní dídì nísàlẹ̀ níbẹ̀, Bàbá, èmi nìkan nílé yìí ló lè tú u, kò sì sí ẹni tó pè mí.

Èmi ni, ọmọ yín, tó ṣì fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú.