Àká Etí Òkun Tí Mo Bá Yín Ná

Ilé Adéyanjú,
Abúlé Olókùúta,
lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ṣọlápé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Láyí ọkọ rẹ, mo kí Irewọlé ọmọ ọmọ mi. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Dagenham ti dẹwọ́ díẹ̀? Olúwa tó sọ mí kalẹ̀ láti ojú òfurufú láìfarapa, òun náà ni yóò máa sìn yín jáde, tí yóò máa sìn yín wọlé. Àwa nílé kò burú. Ìyá rẹ ń ṣe dáadáa, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú. Àgbébọ̀ adìyẹ tí o fún un lówó rà ti pa ọmọ, àṣá sì ti gbé méjì nínú wọn.

Ìwé ni mo kọ, n kò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tó yẹ kí àwọn tó ni nẹ́tíwọ̀kì gbọ́. Tẹ́lẹ̀ náà, bí mo bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù yẹn tán, ó tún máa ń sọ ọ́ jáde lójú gbogbo ayé, bí ẹni pé irọ́ ni mo ń pa. Mo lẹ sítáńbù mẹ́rin mọ́ ìwé yìí kí ó lè tètè dé.

Ojú ń tì mí, Ṣọlápé. Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé láti ọ̀dọ̀ yín ni ojú ti ń tì mí. Kí n tó dé, ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹ fẹ́ ra ilé létí òkun, wọ́n ti jó, wọ́n ti dúpẹ́, wòlíì sì ti gbàdúrà kí ìjì má ṣí i. Wọ́n wá bi mí pé báwo ni ilé náà ṣe rí. Mo ní àká lásán ni, pé èmi bàbá yín ni mo ní kí ẹ má rà á. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n bàbá ni mí.

O kò bi mí ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Nígbà tí a jáde nílé yín láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ wo ilé náà, tí ọkọ̀ ń sáré lọ sápá òkun, Láyí ṣàlàyé fún mi pé owó tí onílé ń gbà lọ́wọ́ yín lórí yàrá méjì tí ògiri rẹ̀ ń làágùn ní Dagenham, bí ẹ bá fi díẹ̀ kún un, ó lè ra odidi ilé lọ́hùn-ún, Irewọlé yóò sì máa mí atẹ́gùn tó dára, ikọ́ tó ń bá a jà yóò sì fi í sílẹ̀. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tó sọ pé báǹkì ni yóò san owó náà, tí ẹ̀yin yóò máa ṣiṣẹ́ san án padà títí Irewọlé yóò fi hu irùngbọ̀n. Mo ní nínú ọkàn mi, yéè, ìwọ̀fà nìyí! Bàbá bàbá mi ṣe ìwọ̀fà, inú oko olówó ni irun orí rẹ̀ funfun sí. Mo ní kò ní ṣojú mi kí báǹkì fi ọmọ mi ṣe ìwọ̀fà. Mo ti pinnu láìsọ fún yín pé èmi ni n ó ná ilé yẹn, pé ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ yín ni wọn yóò gbà.

A dé ibẹ̀, mo rí ilé onípákó dúdú, òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, kò sì ní àjà, igi òrùlé hàn gbangba bí ìgbà tí owó tán lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Iwájú rẹ̀ jẹ́ kìkì gíláàsì, ẹni tó bá ń kọjá lọ létí òkun lè ka ẹran inú ọbẹ̀ rẹ. Mo bọ́ bàtà wọlé, ilẹ̀ gbóná, mo pariwo pé iná ń jó lábẹ́ ilé. Obìnrin éjẹ́ǹtì tó ń bá wọn ta ilé náà ní bí wọ́n ṣe ń mú ilé gbóná nìyẹn, pé àká ni wọ́n wò kọ́ ọ, pé irú rẹ̀ ló wà lóde báyìí. Èmi tí mo ń kó iṣu sí àká láti kékeré!

Bàbá òyìnbó tó ni ilé wà níbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ó gbé Irewọlé sókè kí ó lè rí ọkọ̀ ojú omi, ó ní òun kò fẹ́ tà á fún àwọn tí yóò máa wá síbẹ̀ nígbà ìsinmi nìkan, pé ó wu òun kí ọmọdé máa sáré nínú rẹ̀, nítorí náà òun á bá yín dín owó rẹ̀ kù. Mo rí ọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, tí omi lé sí ọ lójú. Ìyẹn ló bí mi nínú. Ta ló ń jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀ pé ọjà wu òun? Mo sì rò ó pé bí ọlọ́jà bá ń fúnra rẹ̀ dín owó, tí a bá bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà náà, yóò tún já wálẹ̀ sí i. Mo bá fi gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́fà mi sọ fún un pé ilé rẹ̀ kò sàn ju ilé adìyẹ lọ, pé ẹni tó kọ́ ọ kò mọ ilé kọ́, pé òkun yóò gbé e lọ, kí ó gba ìdá kan nínú mẹ́ta kí ó sì dúpẹ́. Ò ń fa bùbá mi lẹ́yìn, mo rò pé ò ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo gbá ọ lọ́wọ́ mú, mo ní ká máa lọ, nítorí bí a ṣe ń nájà nìyẹn: a ó yíjú padà, ọlọ́jà á pè wá.

Mo jókòó sórí ògiri kékeré etí òkun, mo ń retí kí ó pè wá. Láyí ní ká máa lọ, mo ní kí ó ní sùúrù, pé ọlọ́jà tó gbọ́n kì í tètè pe èèyàn. Afẹ́fẹ́ ṣí fìlà mi lọ sínú omi, mi ò dìde. Nígbà tí bàbá náà jáde, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ pé ṣé o rí i. Kò tilẹ̀ wò wá. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, láti ilé ìdáná yín ni mo ti gbọ́ tí Láyí ń sọ fún ẹnìkan lórí fóònù pé bàbá òyìnbó náà ti ta ilé rẹ̀ fún àwọn olówó kan tí yóò máa lò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ìwọ kò bú mi. Ìrẹsì lo bù fún mi, o fi ẹran tìrẹ kún tèmi, o sì ra fìlà mìíràn fún mi. Ká ní o bú mi ni, ǹ bá ti rí oorun sùn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi tẹ orí ọmọ wọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ lánàá. Ó ké, ó ní ojú wo ni òun fẹ́ fi wo ìjọ. Ó wá bi mí bóyá Irewọlé ṣì ń wúkọ́.

Nítorí náà, sọ fún báǹkì yín pé bàbá rẹ wà láàyè, kí wọ́n fi èmi ṣe ìwọ̀fà dípò rẹ. Bí wọ́n bá ní oko, mo ṣì lè roko dọ́sàn-án. Láyí ní wọ́n ń kọ́ irú ilé yẹn mìíràn lọ́hùn-ún, pé tiwọn tilẹ̀ gbówó lórí ju ti bàbá náà lọ. Mo fẹ́ ta ilẹ̀ mi tó wà lẹ́bàá títì, níbi tí mo ti fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọjọ́ ogbó mi. Tíṣà Tósìn, olùkọ́ ilé ìwé abúlé wa, bá mi ṣírò rẹ̀ sí owó òyìnbó yín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kò lè ra òrùlé. Mo ní ògiri ńkọ́? Ó ní rárá. Mo ní ilẹ̀kùn ńkọ́? Ó tún awò rẹ̀ wọ̀, ó ní bóyá yóò ra ilẹ̀kùn, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, fi kún owó ilé. Ìyá rẹ ní kí n rán ọ létí owó oògùn tirẹ̀. Èmi kọ́ ni mo rán ọ létí o, òun ni.

Kí Láyí bá mi béèrè iye tí ilẹ̀kùn jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun yẹn. Kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wù wá, àbí, ṣé o rí mi, kí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí ó rẹ́rìn-ín sí wọn dáadáa. Olúwa yóò fún yín ní ilé tí ẹnu mi kò ní lè bà jẹ́, ẹ ó pẹ́ nínú rẹ̀, àyà ọmọ yín yóò mọ́ lọ́wọ́ ikọ́. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ kí n gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé, n kò ní bínú, kí Irewọlé ṣáà ti máa gbà á wọlé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéyanjú.