Àwọ̀n Tí Mo Sá Sórí Òpó Rẹ

Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Igbó Ẹfọ̀n? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ayé dojú dé kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ẹja ṣọ̀wọ́n díẹ̀, àmọ́ à ń jẹun.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n pè ọ́. Quadri tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Ajah ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo ní ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì.

O rántí òpó irin tí ìwọ àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa, tó dé fìlà funfun. O ní ayé ń yí bí òkòtó, pé bó ṣe ń yí ló ń mì díẹ̀díẹ̀, pé irú òpó bẹ́ẹ̀ wà káàkiri, òun lẹ fi ń ṣírò bó ṣe ń mì. O ní kí n má jẹ́ kí ohunkóhun kàn án, kódà ewúrẹ́. Mo lé ewúrẹ́, ọmọ mi. Ara mi ni mi ò lé.

Okùn tí mo ń sá àwọ̀n sí já, òpó rẹ sì dúró gbọnin, mo ní ṣebí ohun tó ń di ayé mú á lè di àwọ̀n mú. Afẹ́fẹ́ òkun dé, òpó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni. Fàtíù tó ń kó ẹja nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí i, ó ní Bàbá Tiwátọ́pẹ́, ẹ ti ti ayé ṣubú o! Mo ní kó panu mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ mo fi okùn ìdákọ̀ró fà á padà, mo so òjé àwọ̀n mọ́ òwú láti wò ó bóyá ó tọ́. Ó tọ́ ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì lo fi àwòrán ìlà tí òpó náà ń fà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, o ní ẹ rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, pé wàá sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ọjọ́ Ẹtì yìí. Mo gbé awò sójú. Ìlà náà ń lọ jẹ́jẹ́ bí ọ̀sà àárọ̀, ó dé Ìṣẹ́gun, ó fò. Ó dé Ọjọ́bọ̀, ó fò padà. Mo mọ ìfò méjèèjì. Síbẹ̀, nígbà tí wòlíì ní kí ìjọ dúpẹ́ nítorí rẹ lánàá, mo wọ sùtánà, mo jó dé iwájú pẹpẹ.

Mo ń bi ara mi pé bí àwọ̀n kan bá lè mi ayé, kí ni gbogbo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Free Zone ń ṣe sí i? Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbàlagbà tó ń sá fún ẹ̀bi nìyẹn.

Má sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, jọ̀ọ́. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú, fi lẹ́tà yìí hàn án. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀, kì í ṣe tìrẹ. Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n ra okùn àti igi méjì. Bí kò bá sí, n ó sá àwọ̀n sórí ara mi.

Ayé lè máa mì, ìwọ kò ní ṣubú.

Bàbá rẹ tó ba òpó jẹ́,
Clement Ògúnkúnlé