Ọmọ Ìfọ́n tí Wọ́n Tì Mọ́ Ilé Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹwàá

Ìjà ààlà tún bẹ́ sílẹ̀ lánàá láàárín àwa ará Ìlobù àti àwọn ará Ìfọ́n. Ilé jó. Èèyàn kú, kò tíì sẹ́ni tó mọ iye. Rédíò ní ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé, tọ̀sán-tòru. Ilé ìwé di títì pa. Ọmọ ìlú méjèèjì ni mo ń kọ́ láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́ tíṣà, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n á dàgbà, wọ́n á wá máa lé ara wọn kiri. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, 8

Ikọ̀ Àlàáfíà dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba sọ wọ́n lórúkọ – aṣọ dúdú, ìbọn lọ́rùn. Ilé tí olóògbé ọkọ mi kọ́ ló gbẹ̀yìn ní Ìlobù, ní ọ̀nà Ìfọ́n, nítorí náà òun ni ojú wọn kọ́kọ́ bà lé. Ọ̀gá wọn tẹrí ba kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní pálọ̀ àti àwọn yàrá ẹ̀yìn làwọn máa lò, fúngbà díẹ̀ ni. Mo bi í léèrè ìwé àṣẹ. Ó ní bí iná bá ń jó ilé, ta ló ń béèrè ìwé lọ́wọ́ panápaná? Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti ń kó àga mi síta.

Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Lónìí mo tọrọ àyè kí n tó wọ ilé ìwẹ̀ ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Wọ́n mú ẹnì kan wọlé lọ́sàn-án. Aṣọ ni wọ́n fi dì í lójú. Wọ́n tì í mọ́ inú sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí mò ń kó iṣu sí. Mo ń gbé omi kaná, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń húkọ́ lára ògiri. Lẹ́yìn náà, ohùn jẹ́jẹ́: 'Tíṣà, ilé yín rèé, àbí? Èmi Yàkúbù ni, ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù.'

Omi dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Yàkúbù ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù, ní Ìfọ́n. Mo kọ́ ọ ní pírámárì. Ó ti di ẹni tó ń lẹ táìsì, òun gan-an ló lẹ ti pálọ̀ mi. Ó ní bí wọ́n ti ń wọ́ òun kọjá, òun yọjú wo ilẹ̀ lábẹ́ aṣọ, òun mọ iṣẹ́ ọwọ́ òun. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe. Fóònù ló fi ya àwọn Ikọ̀ níbi tí wọ́n ti ń na bàbá arúgbó kan ní oríta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín. Mo ní òfin ilẹ̀ yìí sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú, kí wọ́n tètè gbé e dé iwájú adájọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀ ọ́n lórí. Ó fetí sí mi dáadáa, ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó wá ní, 'Màmá, òfin wà o. Ó kàn ń sinmi ni.'

Mo ti ẹ̀kọ méjì àti omi gba ojú fèrèsé kékeré tó wà lókè sítọ́ọ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí Ọlọ́run má gbàgbé tìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Wọ́n ń lù ú. Ọ̀sán gangan. Mo tan rédíò kí n má baà gbọ́. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba, ó ní kò sẹ́ni kankan ní àtìmọ́lé, pé wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pa rédíò náà. Èwo ni ǹ bá gbọ́, èwo ni ǹ bá fi sílẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 16

Wọ́n dẹ kónílé-ó-gbélé sílẹ̀ díẹ̀, a lè jáde láàárọ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti dé àgọ́ ọlọ́pàá níbí, ó ti dé Òṣogbo, gbogbo wọn ní àwọn ò mọ orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ní kó lọ bi Ikọ̀ léèrè. Ẹlẹ́rìn-ín dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Ó ní bóyá ọmọ náà ti sá lọ Èkó, pé àwọn ọmọ ìwòyí kì í dágbére fún ìyá wọn.

Ọmọ ọ̀hún wà lẹ́yìn ògiri.

Wúlẹ̀mọ̀tù rí mi lójú fèrèsé. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú iyẹ̀pẹ̀, ìyá tó bí ọmọ mẹ́rin. 'Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà. Ẹ kú ewu.' Mo ní ewu iná kì í pa àwòdì. Mo ní kó kí ilé. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn.

Mi ò jẹun lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo ní mò ń lọ ra gààrí. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìfọ́n. Wọ́n ń wò mí bọ̀ láti ìta dé ìta – ẹni Ìlobù, kí ló ń wá? Ilé ẹnì kan tí mo máa ń bá jẹ sàárà tẹ́lẹ̀ ti di eérú. Mi ò lè bojú wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wúlẹ̀mọ̀tù ń jọ elùbọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo sọ fún un. Mo rò pé yóò ké, mo ti múra láti dì í mú. Kò ké. Ó gbé ajọ̀ sílẹ̀. Ó wá bi mí pé, 'Ṣé ó ń jẹun?'

Mo ní ó ń jẹun.

Ọjọ́ Ajé, 20

Wọ́n gbé e lọ láàárọ̀. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Mo fọ sítọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń rùn.

Ilé ìwé wọlé padà lónìí. Ní ìrọ̀lẹ́, lọ́yà kan bá mi níbẹ̀, Ṣèyífúnmi, obìnrin kékeré kan báyìí láti Òṣogbo. Àwọn ẹbí Yàkúbù ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Ó ti pe ìjọba lẹ́jọ́. Èsì ìjọba ni pé àwọn ò mú ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bí kò bá sí ẹni tó fojú rí i, ẹjọ́ á dànù. Ó wá ń wò mí. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Amos, ti gbọ́ pé lọ́yà wá bá mi. Àwọn ará Ìfọ́n ló sun abà àti kòkó rẹ̀ nínú ìjà yìí. N ò lè ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú. Àmọ́ kò bínú, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ìyẹn ló sì nira jù. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì mi ti sún mọ́lé. Ó ní kí ni n óò wí bí àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù bá ní mo ta ìlú.

Ó ní, 'Dinah, ọmọ wọn ni. Kì í ṣe ọmọ wa.'

Mo ní, 'Bọ̀ọ̀dá mi, ilé wa ni wọ́n ti lù ú.'

Ó dìde. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Ẹlẹ́rìn-ín béèrè àlàáfíà Treasure, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì n'Íbàdàn. Mi ò sọ fún un rí pé mo bímọ. Ó mọ orúkọ họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ó ní kí n kí i.

Mo pe Treasure. Mo ní kó lọ gbé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ fún sáà kan. Ó bi mí léèrè ìdí. Mo ní eku ló pọ̀ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo búra ní kóòtù. Mo fọwọ́ síwèé ohun tí mo rí.

Ọjọ́bọ̀, 30

Òṣogbo. Agbẹjọ́rò ìjọba bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé Yàkúbù ni, nígbà tí ojú rẹ̀ wà nínú aṣọ. Mo ní ohùn rẹ̀ ni. Ó ní ṣé gbogbo ohùn ọmọ tí mo kọ́ ni mo mọ̀. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè mí láti inú sítọ́ọ̀ mi, tó sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀ fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Mo di igi iwájú mi mú. Wúlẹ̀mọ̀tù wà lẹ́yìn, kò gbójú sókè.

Adájọ́ bi ìjọba léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá àwọn ò mọ ọkùnrin yìí. Agbẹjọ́rò náà ń ṣí ìwé, ó ń pa á dé. Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n gbé e wá.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wálé ni hẹ́dímásítà ti pè mí. Wọ́n ti gbé mi kúrò ní Ìlobù, lọ sí ilé ìwé kan ní ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fún mi. Ó ní kò tọ́wọ́ òun wá. Mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kọkànlá

Wọn ò gbé e wá sí kóòtù. Àṣẹ adájọ́ náà ń sinmi.

Ikọ̀ kó jáde nílé mi lónìí, ilé Sùrájù alápatà ló kàn. Ẹnikẹ́ni ò kí mi pé mo ṣeun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Wọ́n jù ú sílẹ̀ ní ẹ̀bá títì Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun láàárọ̀. Wọn ò fẹ̀sùn kàn án, wọn ò sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n ní kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́yà ló pè mí. Yàkúbù wà láàyè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́.

Mo sunkún. Mi ò tí ì sunkún láti ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mò ń di ẹrù ibi iṣẹ́ tuntun nígbà tí wọ́n dé, òun àti ìyá rẹ̀. Ó ti rù. Wúlẹ̀mọ̀tù wọlé, ó kúnlẹ̀, mo fà á dìde, òun náà fà mí, a wà báyìí bí ẹni ń jà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Yàkúbù kò tẹ̀ lé e. Ó dúró sí ẹnu géètì. Mo ní kó máa bọ̀, kó wá jókòó.

Ó gbìyànjú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a padà.

Ó ní, 'Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibí.'

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ti lọ, pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé mọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò sọ ọ́. Mo gbé àpótí méjì jáde, mo bá a jókòó níta lẹ́bàá títì. Àwọn tó ń lọ sí Ìfọ́n ń wò wá, àwọn tó ń bọ̀ wá sí Ìlobù ń wò wá. Bọ̀ọ̀dá Amos gun ọ̀kadà kọjá. Kò kí wa, àmọ́ ó ní kí ọlọ́kadà rọra sáré. Yàkúbù béèrè pé ṣé ibi tí wọ́n gbé mi lọ jìnnà. Mo ní ó jìnnà díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé àwọn àpótí náà dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró. Ilé ọkọ mi. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà láti wọlé.