Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ fún Obìnrin Ilé-Iṣẹ́ Físà

Tíṣà mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní ilé-ìwé kò fi ariwo fọ́ ọ lórí? Àwa náà wà láàyè, ìyá rẹ wà láàyè, orúnkún tó ń dùn ún ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Olúwa tó dá wa sí níbí kò ní gbàgbé rẹ ní ìlú ńlá yẹn. Ọ̀nà tí ò ń wò láti ọjọ́ yìí, yóò là fún ọ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Ilé kò burú. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi tó ń jò, mo ti fi páànù dí i. Aránbàtà tó wà lódìkejì wa ti gba àga mẹ́fà tó ní kí n kàn fún òun, ó wá ń pariwo pé ẹsẹ̀ ọ̀kan kúrú. Mo ní ẹsẹ̀ àga kò kúrú, ilẹ̀ ilé rẹ̀ ni kò tẹ́jú. A ò tíì parí ìjà náà.

Inú wa dùn gan-an pé pásípọ́ọ̀tù rẹ jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí o sọ fún wa pé ìwé ló tán lọ́wọ́ wọn, àánú wọn ṣe mí. Odindi ilé-iṣẹ́ ìjọba, kí ìwé tán lọ́wọ́ wọn! Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta méjì, mo fi rán awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún mi pé kó bá mi fún wọn, ọ̀kan fún tìrẹ, èkejì fún ẹni tó bá tẹ̀lé ọ lórí ìlà. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Oṣù tó tẹ̀lé e ni tìrẹ jáde. Èmi ò sọ pé èmi ni mo ṣe é o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan mọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ físà. Nígbà tí o pè wá lọ́jọ́ Àìkú, o ní ilé-ìwé tó fẹ́ kí o wá máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun kò lè dúró dè ọ́ kọjá ìparí oṣù yìí, wọ́n á fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. O ní àwọn oní-físà sọ pé àwọn ṣì ń yẹ nǹkan kan wò nípa iṣẹ́ olùkọ́ rẹ, o kò sì mọ ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ohùn rẹ kò dùn, ìyá rẹ gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ. Ọmọ mi, bí o bá wà ní ìdúró, jókòó. Èmi mọ ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Èmi ni mo fà á.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí obìnrin kan pè mí láti ilé-iṣẹ́ wọn. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní orúkọ mi ni o kọ sínú fọ́ọ̀mù. Eruku pákó bò mí nígbà náà, mo kọ́kọ́ gbọn aṣọ mi kí n tó dá a lóhùn, torí ìwọ náà lo sọ pé fóònù ìgbàlódé ń rí ènìyàn. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi mọ iṣẹ́ olùkọ́. Báwo ni kí n ṣe dáhùn? Ṣé èmi ni n ó máa yin ọmọ ara mi létí àlejò? Káfíńtà tó bá ń yin àga tara rẹ̀, kí oníbàárà yáa mi ẹsẹ̀ àga náà wò. Mo ní ó ń gbìyànjú. Ó tún bi mí pé ṣé Gẹ̀ẹ́sì rẹ já gaara débi tí o fi lè kọ́ ẹlòmíràn. Mo ní ọmọdé ṣì ni, kí wọ́n ṣáà máa bá wa bá a wí. Mo ń gbọ́ tí ó ń kọ nǹkan. Mo rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ mi ló ń kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí o pè lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo wá mọ ohun tí mo ti fà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ. Ó gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀, ó wò mí títí, ó bi mí pé ta ló bẹ̀ mí níṣẹ́ ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní ẹyin lohùn, mo ti jẹ́ kó bọ́, kí n lọ wá bí mo ṣe máa ṣà á.

Mo pe nọ́ńbà náà padà. Obìnrin mìíràn ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ kò mọ ìkíni. Mo kí i, kò dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ó ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo tún kí i, mo bèèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò bínú.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà lọ. Ó yẹ nọ́ńbà ìwé físà rẹ wò, ó ní wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Lóòótọ́ sì ni, mo fi ojú ara mi rí nǹkan róbótó kan tó ń yí lójú ẹ̀rọ. Mo jókòó tì í kí ó má bàa parí lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, ó dúró, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, oníkọ̀ǹpútà ní iná ló lọ. Nígbà tí iná dé, ó bá mi tẹ lẹ́tà sí wọn pé kí obìnrin yẹn jọ̀ọ́ pè mí padà, n kò tíì sọ òótọ́ tán. Kò tilẹ̀ fi sínú àpòòwé tó fi ní ó ti lọ.

Àná, lọ́jọ́bọ̀, obìnrin náà pè. Mo dìde dúró, mo dé fìlà. Mo ní kí ó má bínú, kí ó mú bírò rẹ̀. Mo sọ fún un pé nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo ra agolo kan tí mo pè ní fáníìṣì tó ń mú pákó dán, mo fi kun bẹ́ẹ̀dì oníbàárà, gbogbo bẹ́ẹ̀dì náà dàrú, torí n kò lè ka ohun tó wà lára agolo. Mo ní èmi bàbá rẹ kò mọ ìwé kankan, ìyá rẹ nìkan ló sì mọ àṣírí yìí. O ti ilé-ìwé dé, o bá mi níbi tí mo jókòó sí, o kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. O yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí mi, o kọ A sára àjákù pákó. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, pákó kan, lẹ́tà kan. Bí mo bá ṣì í, o ó ní Bàbá, ẹ tún un wò. Bí ẹnìkan bá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, o ó yára da ojú pákó délẹ̀ kí wọ́n má bàa mọ̀. Ọdún méjì gbáko. Èdè wa la kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà lo wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára agolo àti páálí ìṣó. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́wàá tó kọ́ olórí kunkun bí èmi láìdójú tì í, àwọn ọmọ òkè òkun wo ni yóò wá ṣòro fún un?

Ìtìjú mú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Aránbàtà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kó gbọ́.

Mo ń gbọ́ tí bírò obìnrin náà ń kọ. Ó wá ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, òun ti kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí ọmọ mi máa retí ìpè wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nítòsí. Kò ṣèlérí o, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n máa ń lẹ ìwé físà mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù, nítorí náà mo ti bu gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ pákó sínú ìgò kan, awakọ̀ á gbé e wá. Gbé e fún wọn. Kí ó má lọ ṣí lójú òfuurufú.

Wọ́n ní yinni yinni kẹ́ni ṣe mìíràn. Èmi kò yìn ọ́ rí, o sì ń ṣe é lọ. Ó dùn mí pé àlejò ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Nǹkan méjì péré ni mo ń tọrọ. Fi owó káàdì ránṣẹ́, kí fóònù má bàa kú bí wọ́n bá tún pè. Bí agbára bá sì ká a, kí o fi owó awò ojú kún un, torí bí o bá débẹ̀ tí o bá kọ lẹ́tà sí wa, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá mi kà á.

Oṣù yìí kò ní parí kí ayọ̀ rẹ tó dé. Ibi tí o bá gúnlẹ̀ sí, wọ́n á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, ojú kò ní tì ọ́ níwájú ọmọ ẹnikẹ́ni. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, wàá bá wa láyé.

Èmi ni bàbá rẹ,
akẹ́kọ̀ọ́ tí o kọ́kọ́ kọ́.