Iyán Savalou

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ 1958

Ògúndèjì, ẹni tí mò ń pè ní Igi Ọ̀pẹ, rán àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Geneviève, àbúrò mi. Baba wa gbà wọ́n lálejò, ó fún wọn lómi, ó sì ní rárá. Ó ní ẹni tó jẹ iṣu tuntun ṣáájú àwọn baba ńlá rẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì sẹ́yìn. Máàṣì bọ́ọ̀lù ti Savalou.

Geneviève kò sunkún. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó ṣà á títí kò fi ku òkúta kankan, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 6

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Bantè báyìí, ó ti di àlọ́ ìjàpá.

1956. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Àṣá Bantè. Èmi ni mo rán ẹ̀wù wọn — aláwọ̀ ewé, apá kan gùn ju èkejì lọ lára ti Wahab. Ọkọ mi Thomas, olùkọ́, ló ń kọ́ wọn. Ọ̀gá Fèrè ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní lórí ibùsùn. Ògúndèjì ni aṣọ́lé. Òun ni Igi Ọ̀pẹ: ó ga, kì í sọ̀rọ̀. A na Bobè. A na Atokoligbé nílé wọn, nínú òjò. Kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa. Lọ́dún yẹn, àwọn àgbà tí kò mọ̀ ju oko lọ ń bá ara wọn jiyàn nípa kọ́nà.

Máàṣì tó kẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, ní Savalou. Ọjọ́ Màríà ni, ọjọ́ iṣu tuntun wọn sì ni. Tiwa kò tíì jáde. Baba ló ń gé iṣu fún àdúgbò wa. Kó tó gé e, ẹnu kankan kò gbọdọ̀ kàn án, ìbáà jẹ́ nílùú àjèjì. Kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, gbé àwọn ọmọ náà ní àfẹ̀mọ́jú. Àwọn ará Savalou gún iyán dè wọ́n. Lọ́sàn-án, góòlù méjì gba àárín ọwọ́ Igi Ọ̀pẹ wọlé, bọ́ọ̀lù tí ìyá àgbà lè mú. Ife ẹ̀yẹ dúró sí Savalou. Kí kámíọ̀ tó padà dé, ọ̀rọ̀ ti gbilẹ̀ nínú rẹ̀: Ògúndèjì jẹ iṣu tuntun, àwọn baba ti bínú.

Kò jiyàn. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nígbà yẹn, lẹ́yìn náà mo gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Ọjọ́ Màríà. Ìsìn gùn. Mo bi Ọ̀gá Fèrè pé kí ni wọ́n jẹ ní Savalou lọ́jọ́ náà. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 18

Òjò látàárọ̀. Mo lẹ ṣòkòtò.

Ọjọ́bọ̀, 21

Mo lọ ra epo òyìnbó lọ́dọ̀ Sakinatou, obìnrin Ọ̀fà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní òun gbọ́ pé Baba kọ Ògúndèjì. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti Savalou dé, ṣọ́ọ̀bù òun ni ọmọ náà kọ́kọ́ yà, ó ra gàrí, ó mu ún lórí ìdúró, kò tiẹ̀ dúró gba ṣúgà. "Ẹni tó yó iyán kì í mu gàrí báyẹn, ìyàwó tíṣà." Ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún Geneviève. Ó wé gèlè, ó lọ bá Baba.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Ohun tí Geneviève tọrọ nìyí: kí Baba bi àwọn tó lọ sí Savalou níwájú iṣu. Gbogbo wọn. Baba ní òun yóò rò ó. Ó ń rò ó bí ẹni ń jẹ ẹran líle.

Ládùúgbò wa, ẹni tó bá ti jẹ ṣáájú kì í nawọ́ gba ègé àkọ́kọ́. Èèyàn lè purọ́ fún fadá, fún kọmandán, òyìnbó ìjọba, fún ìyàwó ilé. Mi ò tíì rí ẹni tó purọ́ fún iṣu yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ọ̀gá Fèrè ní inú ń run òun, bóyá òun ò ní lè lọ síbi iṣu lọ́la. Mo se àgbo kíkorò. Ó mu ún.

Ọjọ́ Àìkú, 31

Baba gé iṣu. Ó gbàdúrà, ó mú ègé àkọ́kọ́ dání, ó ní kí àwọn tó lọ sí Savalou bọ́ síwájú. Wọ́n jáde — Wahab, Pascal, àwọn yòókù, Ọ̀gá Fèrè náà. Baba ní kí ẹni tí kò jẹ iṣu ní Savalou nawọ́.

Adìẹ kan ń tanlẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Gbogbo wa ń wò ó.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló jáde. Ọwọ́ gígùn. Òun nìkan ni ebi pa láti àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ náà títí bọ́ọ̀lù fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó kù ti yó.

Baba bi í pé kí ló dé tí kò sọ láti ọdún méjì. Ó ní, "Baba, bí mo bá ní èmi kọ́, ẹ ó bi mí pé ta ni."

Ó jẹ ègé náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni Geneviève tó wá sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Baba ti ránṣẹ́ sílé Ògúndèjì. Ìgbéyàwó di ẹ̀yìn ìkórè.

Mo gún iyán iṣu tuntun lálẹ́. Mo bi Ọ̀gá Fèrè pé ta ló kọ́kọ́ dárúkọ Ògúndèjì nínú kámíọ̀. Ó ní òun ni. Ó ní òun ló ní kí wọ́n jẹun kí wọ́n lè lágbára, ẹ̀rù Baba sì ba òun nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, òun bá di ẹ̀bi ru aṣọ́lé.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ó bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. Mo bu iyán tirẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ní ebi ò pa òun.