Ẹkùn Ọ̀dàn Lè Ju Ẹnìkan Lọ

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lawrenceville ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Òtútù ti lọ, bíìlì gáàsì ti wálẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá òyìnbó arúgbó tí mo ń tọ́jú ní Snellville ṣì wà. Tíṣà ìtàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti wẹ̀ fún wọn, tí wọ́n jẹun, ìtàn ló kù. Mo máa ń jókòó gbọ́, nítorí ilé mi dákẹ́ jù láti ìgbà tí Tọ́pẹ́ ọmọ mi ti lọ sí yunifásítì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ ti ìgárá kan tó gbé inú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tó ń fi ọfà dá olówó lọ́nà, tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ń pín owó wọn fún tálákà. Mo bi wọ́n bóyá ẹni náà wà lóòótọ́. Wọ́n ní inú ìwé kóòtù àtijọ́ ni àwọn onímọ̀ ti rí orúkọ tó jọ tirẹ̀: ọkùnrin kan tó sá fún ẹjọ́, tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Nígbà tó yá, ìgárá yòówù tó bá wọ igbó, orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè é. Àánú tálákà pàápàá, àwọn tó ń sọ ìtàn lẹ́yìn ló fi kún un. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ méjì níbẹ̀ ṣì ń jà pé ọmọ tàwọn ni. Mo ní ta ló ń jèrè ìjà ọ̀hún? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn tó ń ta fìlà irú tirẹ̀ fún àlejò tó wá wòran ni.

Màmá, inú ẹ̀rín yẹn ni ọkàn mi ti sáré wálé. Níbi ìsìnkú ọkọ Ìyá Bọ́sẹ̀, ilé Ahunṣọ, ẹbí ọkọ náà, fi oríkì Ẹkùn Ọ̀dàn ayé àtijọ́ ki òkú. Ẹ dìde, ẹ kó gbogbo ilé Alágbẹ̀dẹ jáde, ẹ ní wọ́n jí oríkì baba ńlá yín. Láti ọjọ́ náà ẹ kò tíì lọ kí opó. Ìyá Bọ́sẹ̀ tí ẹ jọ dàgbà, tó pọ̀n mí nígbà tí àìsàn dá yín dúbúlẹ̀! Bùọ̀dá ní Bọ́sẹ̀ fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì kí oṣù yìí tó parí. Ibo lẹ ó tún ti rí wọn?

Mo gbọ́ pé ẹ ní kí ló kan ará Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ó kàn mí. Ẹkùn Ọ̀dàn tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn oníbodè láyé ọjọ́un, ta ló rí ojú rẹ̀? Ẹ̀yin ní alágbẹ̀dẹ ni. Àwọn ní ahunṣọ ni. Ó lè jẹ́ ọkùnrin méjì, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ pe èkejì, kí ẹ̀rù má baà kúrò lára oníbodè. Èmi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ títí: òkú tí ẹ ń jà lé lórí kò lè bu omi fún yín mu. Ìyá Bọ́sẹ̀ lè bù ú, wọ́n sì ti bù ú rí.

Ẹ lọ, Màmá. Ẹ jókòó tì wọ́n lórí ẹní, kí ẹ fi ẹnu ara yín ki ọkọ wọn ní Ẹkùn Ọ̀dàn.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀ láti gbé yín dé ilé Ahunṣọ. Ẹ kí gbogbo agboolé fún mi, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kí.

Èmi ni ọmọ yín tí ìyá méjì pọ̀n,
Àbẹ̀kẹ́